Ọṣẹ Tó Ń Sùn

Bí ẹ bá dé ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ọṣẹ tó bá dúró ti jí, ẹ lè rà á. Ọṣẹ tó bá dùbúlẹ̀ ń sùn, ẹ fi í sílẹ̀. Òfin tó ṣe fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tó ti ń fi ọjọ́ ìsinmi po ọṣẹ. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ̀yìn fèrèsé ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń jókòó sí nílé ìsanwó omi, tí àwọn tí wọ́n gé omi wọn á máa pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló mu omi náà tán. Ọṣẹ kì í pariwo mọ́ èèyàn, ìdí tó fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń po ọṣẹ ò mọ ọmọ, kò mọ àgbà. Gbogbo awọ tó bá kàn ló ń bó. Ó gbọ́dọ̀ bá òróró sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó rọ̀. Bí àsìkò bá tó, Ìyá Ọlọ́ṣẹ á fi ṣóńṣó ahọ́n kan ọṣẹ náà. Bó bá ta á, á tún tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí kò bá ta á, á gbé e dìde.

"Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni ìyàwó mi fi pánu," ọkọ rẹ̀ á ní, "ṣé kí n sọ pé ọṣẹ ni?"

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni ọkọ yìí ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Bó bá rí ohun tó wọ́, á tọ́ ọ. Ẹ rántí ìyẹn.

Gbogbo nǹkan ń lọ wẹ́rẹ́ títí Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi rí ẹ̀rọ ìpoṣẹ kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ. Apá ti ń ro ó lórí igi ìpoṣẹ, àwọn tó ń béèrè ọṣẹ sì ti ju ohun tí ìkòkò kan lè bọ́ lọ. Kò fẹ́ yáwó. Ó ní òun á ta gbogbo ọṣẹ tó bá ti jí lórí pẹpẹ, òun á sì fi owó rẹ̀ kún èyí tó wà nílẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó wà nílé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá wọn wẹ ọmọ tuntun, sọ ara rẹ̀ di alágbàtà. Màmá náà polówó ọṣẹ fún gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti ní awọ lára.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń po ọṣẹ tí kò ní òórùn, irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ ọwọ́, nígbà tí fóònù dún.

"Màdáámù, ẹlòmíì tún ti wá wo ẹ̀rọ yìí o," ni ẹlẹ́rọ wí. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Àyà rẹ̀ já. Nígbà tó fi máa gbé fóònù kalẹ̀, kò rántí mọ́ bóyá òun ti da kọ́sítíìkì sí i tàbí òun ò tíì dà á. Ó wọn òmíràn, ó dà á sí i. Lẹ́yìn náà ni ara ń fu ú. Ó yẹ kó da gbogbo rẹ̀ nù, àmọ́ ó wo òróró olówó iyebíye tó wà níbẹ̀, kò dà á nù. Ó gé e, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó ní tó bá dọjọ́ kan, ahọ́n òun á ṣe ìdájọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí owó ẹ̀rọ máa pé, ọkọ rẹ̀ sún pẹpẹ, ó gbálẹ̀, ó sì to nǹkan pa dà kí ẹ̀rọ lè ráyè. Ìyá Ọlọ́ṣẹ rí i pé ohun tó kù lórí pẹpẹ dúró gbọn-in. Ó rí páálí kan lábẹ́ tábìlì, ó rò pé ibẹ̀ ni ọkọ òun tẹ́ àwọn tó ń sùn sí. Ó ń kánjú, kò ṣí i wò. Ó ń mú lára àwọn tó dúró, ó ń tà.

Owó pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó délé, ó ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí páálí náà. Wáyà rédíò ló kún inú rẹ̀.

"Ọkọ mi, àwọn ọṣẹ mi tó ń sùn dà?"

"Mo ti gbé gbogbo wọn dìde." Ọkọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́. "Wọ́n ń gba àyè jù nílẹ̀. Ṣé o ò rí bí ibẹ̀ ṣe fẹjú?"

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lórí pẹpẹ nínú èyí tí kò ní òórùn. Ó fi ahọ́n kàn án. Ó ta á bí ìgbà tí èèyàn fi ahọ́n kan ẹnu bátìrì, ó yára fa orí sẹ́yìn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta lo ta ìyókù fún?" Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó wa." Ó ti fa fóònù rẹ̀ yọ. "Ó ní ti ọmọ ni."

Ó pe ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní ìyàwó wa. Fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó pe àbúrò, tiẹ̀ ò lọ rárá. Ó sáré bọ́ síta láìwọ bàtà tó bára mu, ó dá takisí dúró. Nílé yẹn, ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ni wọ́n máa ń wẹ ọmọ. Oòrùn ti ń wọ̀. Ó ń rò ó bí ọmọ náà ṣe kéré tó, bí awọ ikùn rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tí èèyàn ń rí iṣan lábẹ́ rẹ̀. Ó bẹ awakọ̀ kó yára, awakọ̀ ní ṣé kí òun fò ni.

Látorí àtẹ̀gùn ló ti gbọ́ igbe ọmọ.

Ó ti ilẹ̀kùn láìkàn án. Ìyàwó wa jókòó, ọmọ wà ní ìhòòhò lórí itan rẹ̀, basíà omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ ń ké. Ìyá Ọlọ́ṣẹ já ọmọ náà gbà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo abíyá, ó wo itan. Kò sí nǹkan kan. Ara ọmọ ń dán.

"Àǹtí, kí ló dé? Ebi ló ń pa á."

"Ọṣẹ wo lẹ fi wẹ̀ ẹ́?"

Ojú ti ìyàwó wa. "Ẹ má bínú, èyí tá a ń rà tẹ́lẹ̀ ni. Màámi ní tiyín ti tán, pé àwọn fi fọ aṣọ ọmọ."

"Tán? Ọṣẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá?"

"Ó ya èmi náà lẹ́nu."

Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn lọ. Màmá rẹ̀ wà lórí àpótí níwájú ọpọ́n aṣọ. Bó ṣe rí ọmọ rẹ̀, ó yára fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ àgbà ni. Ṣé owó ẹ̀rọ ti pé?"

Ó kúnlẹ̀, ó fa ọwọ́ náà jáde. Ó ti pọ́n, awọ rẹ̀ ti bó láàárín ìka, ó sì ti là ní àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ figbe ta.

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni màmá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyàwó wa á gbọ́. Kò sí nǹkan tuntun tó ń kan ọmọ kó má kọ́kọ́ kan ara mi. Bí mo ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Nígbà tó ta mí, mo kó gbogbo ẹ̀ pamọ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ tún ń fi í fọ aṣọ, Màámi? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dà á nù?"

"Ọṣẹ ọmọ mi? Níbo ni mo fẹ́ dà á sí tí wọn ò ní rí i? Èmi ni mo polówó ẹ fún gbogbo àdúgbò. Aṣọ tèmi nìkan ni mo fi ń fọ̀. Mo ní kí n tètè lò ó tán, kó ṣáà kúrò nílé."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ fà á dìde, ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí i. Ó di ọrùn ọwọ́ màmá mú sábẹ́ omi náà, kò jẹ́ kó fà á pa dà. Nínú àpò rẹ̀, fóònù ń dún.

"Gbé e," ni màmá wí. "Ó lè jẹ́ ẹlẹ́rọ."

Kò gbé e. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ó sì pariwo: "Ìyàwó wa! Jọ̀ọ́, máa bọ̀. Wá wo ohun tí ọṣẹ mi fi ọwọ́ Màámi ṣe."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni màmá ń wí, "ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀rọ ẹ ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ ìyàwó wa ti ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ tún ṣí omi náà sí i.