Súlò Ọkọ̀ Sàlàkọ́

"Ibi tí ọkọ mi máa ń fi súlò sí ni kí ẹ bá mi fi í sí o, Bàbá Ṣàmsú."

Àwẹ̀ró ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Lùkúmàn mẹkáníìkì tó ń bá sọ̀rọ̀ kò tíì tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Píjó pikọ́ọ̀pù náà, ó ń fi àkísà nu eruku ara kabúrétọ̀. Ó dá obìnrin náà lóhùn pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ẹni tó pè é láti Ìgbògbò wá sí Ẹ̀pẹ́ ti sọ bí òun ṣe fẹ́ ẹ: kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, kó máa dún jẹ́jẹ́, torí oníbàárà kan ń bọ̀ wá wò ó lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Síkírù lẹni náà, ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́. Sàlàkọ́ ló ni ọkọ̀, òun ni ọkọ Àwẹ̀ró, òun náà sì ni ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́. Níbẹ̀rẹ̀ òjò ló wa ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sórí ọ̀sà, ó ní òun fẹ́ lọ rí àwọn apẹja tó ń kó ẹja fún òun. Etídò Ìjẹdẹ ni wọ́n ti rí ọkọ̀ náà. Àjẹ̀ wà nínú rẹ̀, bàtà Sàlàkọ́ wà nínú rẹ̀, Sàlàkọ́ fúnra rẹ̀ kò sí. Òjò ti dá báyìí, ọyẹ́ ti ń fẹ́, omi kò sì gbé e jáde.

Agbo ilé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ òkú falẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti sá kúrò l'Ékòó nígbà ogun 1851, tí wọ́n wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, kò sí òkú wọn tí wọn kò ṣe fìdáù fún. Àmọ́ Àwẹ̀ró kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò rí òkú, òun kò sì ní jókòó opó fún ẹni tó lè wọlé lọ́la. Ojoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sí abọ́, tó ń fi ọmọrí dé e. Síkírù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ," ó sọ fún Lùkúmàn. "Obìnrin yìí fẹ́ kí tiwa nù títí ayé. Bí ọkọ̀ yìí bá kúrò lójú ẹ̀, bóyá ọkàn ẹ̀ á gbà."

Lùkúmàn gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Sàlàkọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ta ló ń wọ inú ọ̀sà láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọyẹ́ tó tún jáde?

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fa rọ́bà epo yọ, ó yọ wáyà, ó tú nọ́ọ̀tì tó de kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gbé e sórí páànù, ó sì fi àkísà mímọ́ dí ihò tó kù kí eruku má baà kó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó ṣí i, epo àtijọ́ ti dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí oyin. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì fi ẹnu fẹ́ àwọn jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹkáníìkì oníwàdùwàdù ló ń fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì, ihò á fẹ̀, ọkọ̀ á wá máa mu epo bí ọ̀mùtí. Lùkúmàn kì í ṣe ara wọn. Ó pààrọ̀ fúlótì, ó gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó sì fi sípíríǹgì tuntun sí abẹ́ síkúrúù súlò, èyí tó ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa sáré tó nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí epo.

Síkúrúù yìí lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ní Ọjà Olúwo, bí ọkọ̀ bá kú nígbà tí wọ́n ń kó ẹja tútù sí i, tó sì kọ̀ tí kò dáhùn mọ́, ẹja á jẹrà mọ́ olówó lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Sàlàkọ́ fi máa ń gbé súlò tirẹ̀ ga, kí ẹ́ńjìnnì máa hó títí ẹrù á fi wọlé tán. Gbogbo ẹlẹ́ja ló mọ ohùn yẹn; bí wọ́n bá ti ń gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ti máa ru apẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Lùkúmàn bá rẹ súlò sílẹ̀, Sàlàkọ́ á rẹ́rìn-ín, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, á yí síkúrúù náà wọlé kí ohùn lè gòkè, á tẹ́tí, á wá dá a padà díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Lùkúmàn dá kabúrétọ̀ padà sáyè rẹ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tutọ́ èéfín, ó gbà. Ó rẹ súlò sílẹ̀ títí ó fi ń dún jẹ́jẹ́. Síkírù mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì jáde lọ dúró de oníbàárà rẹ̀ ní títì.

Lùkúmàn ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Ó padà lọ wò ó. Wáyà kò há. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò fa afẹ́fẹ́. Síkúrúù ló ti wọlé ju bó ṣe fi í sí lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ni, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé gbígbọ̀n kì í de nǹkan, títú ló máa ń tú u.

Lọ́tẹ̀ yìí kò kúrò níbẹ̀. Oòrùn ṣì mú, kò sí ẹnì kankan nítòsí, òun náà sì ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáyà. Síkúrúù náà yí lójú rẹ̀. Ó wọlé, kò kánjú. Ó dúró. Ó wá padà sẹ́yìn díẹ̀.

Lùkúmàn fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ohùn Ọjà Olúwo gba gbogbo àgbàlá náà kan. Mùlíkátù ẹlẹ́ja, ará ilé kejì, sáré yọ lẹ́nu géètì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Ó rí Lùkúmàn, kò rí awakọ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Àwẹ̀ró ti jáde. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Ṣàmsú. Ẹ fi í síbi tó máa ń fi í sí."

Lùkúmàn wo síkúrúù náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá.

"Ẹ̀yin lẹ yí i, àbí?"

Kí Lùkúmàn ṣáà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ló kù. Bó bá sọ ọ́, Àwẹ̀ró á wọlé lọ bu oúnjẹ sí abọ́, á tún máa retí. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé irọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ náà, àti pé ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí kò ṣe é kí òun lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Èmi kọ́, ìyàwó wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo dúró tì í, mo rí i nígbà tó yí."

"Nígbà tó yí wọlé tán," Àwẹ̀ró bèèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, "ṣé ó dá a padà díẹ̀?"

"Ó dá a padà."

Àwẹ̀ró yíjú sí ọkọ̀ náà. Ó rìn lọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀ níbi tó ti ń gbọ̀n.

"Ẹni tó wà láàyè, ẹsẹ̀ ló fi ń wálé," ló wí.

Ó fara ti ọkọ̀ náà, ó ń yọ́ lọ sílẹ̀. Mùlíkátù ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré dì í mú, àwọn méjèèjì sì jọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Síkírù bá wọn nígbà tó mú oníbàárà rẹ̀ wọlé, tí ojú rẹ̀ ti fà ro nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì. Kí ó tó bèèrè ohunkóhun ni Àwẹ̀ró ti gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ránṣẹ́ pe Àlùfáà," ó ní. "Mo ti ṣe tán."

Síkírù tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà òjò fi ọwọ́ bo ojú. Ó bú sẹ́kún. Oníbàárà wò wọ́n, ó sì rọra padà sí títì.

Lùkúmàn na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó jókòó sórí àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dúró tì í títí epo inú rẹ̀ fi tán.