Ìbọn Ìléwọ́ Bàbá Ọ̀rẹ́

Tí Adébíyìí bá fẹ́ nu ìbọn rẹ̀, gbogbo ilé ló máa ń mọ̀. Ọjọ́ Kérésì ló máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, á ní kí Àdùkẹ́ ìyàwó òun bu òróró máṣíìnì díẹ̀ wá. Télọ̀ ni Àdùkẹ́, irú òróró bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n ọn nílé.

Ìbọn ìléwọ́ dúdú ni, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Bàbá Adébíyìí ló kọ́kọ́ ni ín. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni bàbá náà láyé ìjọ́un. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ; Adébíyìí náà gba tirẹ̀ nígbà tó jogún ìbọn náà. Igi èèkù rẹ̀ sán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe ogun ló sán an o. Ìyá Adébíyìí ló fi pa ẹkùrọ́ lọ́jọ́ kan tí kò rí òkúta, bàbá sì bínú títí ọbẹ̀ fi tutù. Bí Adébíyìí bá ti sọ ọ́ débẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí.

Àdùkẹ́ fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ìbọn gan-an ni kò fẹ́ràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, àwọn olè ń yọ àdúgbò wọn ní Mahuta, nílùú Kàdúná, lẹ́nu, ni Adébíyìí bá ki ọta sínú ìbọn náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ó wà níbi iṣẹ́, Àdùkẹ́ gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá. Ó yọjú, ó rí Ọláfúnkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, lórí àga. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì na ìbọn sí Ọ̀rẹ́olúwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn náà sì gbé ọwọ́ sókè bí olè inú fíìmù.

Àdùkẹ́ ò pariwo. Ó rọra sún mọ́ ọn. "Fúnkẹ́ mi, gbé e wá. Ó ti kan Mọ́mì."

Ọmọ náà gbé e fún un. 

Àdùkẹ́ ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ó tú ọta inú ìbọn, ó kó èyí tó kù nínú páálí mọ́ ọn, ó da gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Ó wọ ọkọ̀ lọ sórí afárá, ó sì sọ ọ́ sínú odò Kàdúná. Ó dá ìbọn padà sáyè rẹ̀, kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, á ra òmíràn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìlú dàrú. Ẹ̀sìn ni wọ́n ní ó fà á. Èéfín gba ojú ọ̀run láti ìhà Makera. Wọ́n ń pa Kristẹni níbì kan, wọ́n ń pa Mùsùlùmí níbòmíràn, ẹni tó wà láàárín ò mọ ibi tí yóò sá gbà. Ará Ìlọrin kan wà tí ògiri kan ṣoṣo pààlà òun àti Adébíyìí. Àáfà Abdulraheem lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ìjà náà, ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ gba orí ògiri kọjá. Zakiyyah ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, toyún-toyún.

"Bàbá Ọ̀rẹ́, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ wọlé, Àáfà. Kò sí ohun tí ẹ ń ṣàlàyé."

Àdùkẹ́ kó wọn sí yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ni ariwo dé ìta. Àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni àdúgbò ni, tàwọn ti àdá àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu géètì. Adébíyìí na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìbọn, ó ṣí i. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Àdùkẹ́, ọta dà?"

"Mo ti jù ú sódò. Fúnkẹ́ na ìbọn yẹn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Adébíyìí wò ó. Àdùkẹ́ rò pé á bú òun. Ọkùnrin náà kàn mí kanlẹ̀, ó pa ìbọn dé.

"Ó dáa. Èmi àtìwọ nìkan la mọ̀. Àwọn tó wà níta ò mọ̀."

Ó ti ń lọ kí Àdùkẹ́ tó fà á lápá. "Má lọ dúró níwájú wọn. Tó o bá dúró, wọ́n á mọ̀ pé àyà ń já ẹ. Ẹni tí ọta kún inú ìbọn rẹ̀, ńṣe ló ń jókòó."

Àdùkẹ́ gbé àga ńlá láti pálọ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú géètì. Ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú aṣọ oníbàárà kan tó ń rán etí rẹ̀ dání. Adébíyìí jókòó, ó gbé ìbọn lé itan. Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì, kó tó wá jókòó tì í.

Ariwo náà dá wáí.

"Ba da kai muke ba, Baba," ni ọ̀kan nínú wọn sọ ní Hausa, pé kì í ṣe bàbá làwọn ń bá jà. "Màlámù yẹn là ń wá."

"Inú ilé mi ló wà," ni Adébíyìí dá a lóhùn. "Òun àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ bá wọn, kó máa bọ̀."

Òkúta kan fò wá láti ẹ̀yìn, ó bà á níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Kò nù ún, kò dìde. Ó fi àtàńpàkò fa ohun tó wà lẹ́yìn ìbọn náà sẹ́yìn, ó dún kà! Àwọn tó wà níwájú sún sẹ́yìn.

Àdùkẹ́ dá abẹ́rẹ́ dúró, ó wo ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì. "Àbí Dominic kọ́ nìyí? Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ẹ yẹn, èmi ni mo rán an fún ẹ nígbà ìkórè. Tí ọta bá lù ú, mi ò ní lè tún un rán o."

Dominic wo àyà ara rẹ̀. Ó wo ìbọn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ìdí tó fi gbé e, ó yí padà, ó ń lọ. Ẹnì kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹnì kejì. Ẹni tó ju òkúta bú wọn títí, nígbà tó rí i pé òun nìkan ló kù, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ sójà kó ìdílé Àáfà lọ sí bárékè, ibẹ̀ ni Zakiyyah bímọ sí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àdùkẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ ojú ọkọ rẹ̀ kúrò.  Aṣọ tó rán náà wọ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ó ní láti tú gbogbo rẹ̀.

Adébíyìí ò ra ọta mọ́ láyé rẹ̀. Ìtàn náà sì ń dàgbà. Àwọn kan ní ó yìn ín sókè, àwọn kan ní gbogbo Mahuta ló gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn ọmọ Àáfà máa ń wá jẹ ìrẹsì Kérésì, wọ́n á ní kí Dádì Ọ̀rẹ́ fi ìbọn han àwọn. Tọkọtaya náà á wo ara wọn, wọn ò ní tú àṣírí náà.

Ní ọdún 2016 ni Adébíyìí kú, àìsàn díẹ̀ ló ṣe é. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ jókòó sí pálọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Àáfà Abdulraheem wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Dádì ni wọ́n fún ní àṣẹ, wọn ò fún wa," ni Ọláfúnkẹ́, tó ti ń kọ́ nípa òfin, sọ. "Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló ń lọ."

"Kò lọ síbì kankan!" Ọ̀rẹ́olúwa fárígá. "Àwọn ajínigbé kún ojú ọ̀nà Àbújá. Ìbọn tó gba odindi ìdílé là, ẹ ní ká gbé e fún ọlọ́pàá?"

Àdùkẹ́ ní, "Ọ̀rẹ́, kò sí ọta nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà."

 Ó bá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí afárá títí dé ìdí géètì. Àáfà gbé ọwọ́ lé orí.

"Subhanallah! Ìyá Ọ̀rẹ́! Mo dojú bolẹ̀ nínú yàrá, mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kí Bàbá Ọ̀rẹ́ má yìn ín, kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ má bàa wà lọ́rùn mi. Ṣé kò tiẹ̀ lè yìn ni!"

Ẹ̀rín gba Ọláfúnkẹ́, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín. Ọ̀rẹ́olúwa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló wá gbà wọ́n là, Mọ́mì?"

"Bàbá ẹ ni. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì jáde."

Ọ̀rẹ́olúwa gbé ìbọn náà, ó dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dání lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá rẹ̀ sì bá a lọ. Ọ̀gá tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ìbọn yìí mà dàgbà o, ta ló ni ín?

"Bàbá mi ni," ni Ọ̀rẹ́olúwa wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Àwọn ọlọ́pàá tó wà ní yàrá kejì jáde wá gbọ́. Àdùkẹ́ ò dá sí i. Ó tẹ́tí sí ọmọ rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán, kò sì síbi tó ti fi irọ́ kankan kún un.