Ọjọ́ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Láìyẹsẹ̀

"Ta lo bá sùn lọ́jọ́ kẹrin oṣù May? Dá mi lóhùn, Olúníyì! Torí èmi Ọmọ́tóyọ̀sí, ìyàwó rẹ, Abẹ́òkúta ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sórí pósí ìyá mi!"

Olúníyì fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wọn ní Corduff, ní Ireland, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Pásítọ̀ Adélékan àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Priscilla, jókòó sídìí tábìlì, wọn ò tíì fẹnu kan tíì wọn. Ire ni wọ́n bá wá o. Wọ́n wá sọ fún tọkọtaya yìí pé Olúníyì àti ìyàwó rẹ̀ ló gba ipò kìíní nínú Oṣù Ìfẹ́ Ìgbéyàwó, àti pé lọ́la, lẹ́yìn ìwàásù, wọn yóò bọ́ síwájú ìjọ láti kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ètò náà kò le rárá. Ìjọ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní bébà kan tó ní àpótí kéékèèké mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù May. Ọjọ́ tí ọkọ àti aya bá mọ ara wọn, kí wọ́n máàkì í. Ta ni yóò máàkì í? Ọkọ ni, torí òun ni olórí ilé. Ta ni yóò fọwọ́ sí i? Ọkọ náà ni. Kò sẹ́ni tó rántí bi ìyàwó bóyá òun náà wà níbẹ̀. Ọgbọ́n àwọn ọkùnrin ìjọ nìyẹn, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Àwọn kan mú mẹ́fà wá. Alàgbà kan mú méjì wá, ó ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. Olúníyì mú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bébà yẹn," Ọmọ́tóyọ̀sí ní fún Pásítọ̀. "Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, mi ò sí ní Ireland. Ọjọ́ mọ́kànlélógún tó kù, mo wà nílé, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí ọkùnrin yìí ti ń kọjú sí ògiri sùn. Ó ní ìdúró níbi iṣẹ́ síkiọ́rítì ní Airport ló ń dun òun lẹ́yìn. Mo fi Robb pa á. Mo ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn! Ó wá máàkì gbogbo oṣù. Ó kúkú ń bá ẹnìkan ṣe é nìyẹn. Kó dárúkọ ẹ̀!"

"Mam!" Ohùn Dárasími, ọmọ wọn, já bọ́ láti òkè. "The neighbours can hear yous!"

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá ni?"

Pásítọ̀ Adélékan nu iwájú orí. "Bùrọ́dá Olúníyì, ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Yálà o purọ́, tàbí o ṣe àgbèrè. Mú ọ̀kan."

"Irọ́ ni, sà! Irọ́ ni mo pa!" Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rí. "Mi ò mọ obìnrin kankan lóde. Ọlọ́run ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún."

"Ẹ̀jẹ́ kí ni?"

"Ti láísẹ́ẹ̀sì ìwakọ̀, sà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo kúnlẹ̀ sí bafúrọ́ọ̀mù, mo ní, Olúwa, títí n ó fi yege, n kò ní fọwọ́ kan ìyàwó mi. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti fìdí rẹmi báyìí. Ráńdábaọ́ọ̀tù ni ọ̀tá mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Màmá Priscilla, ó fi ife tíì bo ẹnu. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Kí lo fi jẹ́jẹ̀ẹ́?"

"Ara mi, mà."

"Ara ta?" Ó ti ṣí Bíbélì. "Kọ́ríńtì kìíní, orí keje, ẹsẹ̀ kẹrin. Ọkọ kò ní agbára lórí ara rẹ̀, bí kò ṣe aya. Ohun olóhun lo gbé lọ síwájú Ọlọ́run! Ẹni tó jí ewúrẹ́ ìyàwó ẹ̀ fi rúbọ, ṣé Ọlọ́run máa jẹ ẹran yẹn?"

"Mo tú ẹ̀jẹ́ náà ká lórúkọ Jésù," Pásítọ̀ ní wéré, kí wọ́n má baà bi òun náà léèrè.

Olúníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. "Ẹ ṣé, sà! Ọmọ́tóyọ̀sí, ìwọ náà gbọ́. Ẹ̀jẹ́ ló dè mí, kì í ṣe pé ìfẹ́ tán. Ká ní mo ti yege ni, ọjọ́ náà gan-an ni mi ò bá ti padà sọ́dọ̀ rẹ, kí n tó bọ́ bàtà!"

Ọmọ́tóyọ̀sí kò pariwo mọ́. "Kó o tó bọ́ bàtà?"

"Ọlọ́run gbọ́."

Ó dìde, ó ṣí press tí wọ́n ń kó ife sí, ó mú ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde.

"Àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ ni mo ti rí i nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Látìgbà náà ni mo ti ń ronú pé kí ló lè mú ọkùnrin yege ìdánwò, kó wá wọnú mọ́tò mi pẹ̀lú ojú ẹkún, kó ní òun tún fìdí rẹmi. Daddy, ẹ bá wa kà á."

Pásítọ̀ wọ awò rẹ̀. "Ìwé-ẹ̀rí... pé Olúníyì... yege. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù May."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí Ọlọ́run ti dá ọ sílẹ̀," Ọmọ́tóyọ̀sí ní. "Ta ló wá so ọ́ mọ́lẹ̀?"