Obìnrin Kan Ṣoṣo Ló Wọkọ̀

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún Tinúọlá pé ẹ̀jẹ̀ Ṣẹrokí, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀, wà lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Akínjídé, tó dé Peckham nílùú ọba lọ́dún 1957, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bàbá ńlá wọn, wọ́n ní, mú obìnrin méjì bọ̀ láti Amẹ́ríkà sí Èkó: ìyàwó, ọmọ ìjòyè Ṣẹrokí, àti ẹrú tó ń bá ìyàwó ṣiṣẹ́. Ìyàwó ló bí tiwọn. Ẹrú ló bí ti Priscilla, ìbátan wọn tó ń gbé ní Catford. Nítorí ìtàn yìí ni Bàbá ṣe kọ lẹ́tà sílé ní Èkó ní 1974, tí wọ́n fi lé bàbá Priscilla kúrò nílé ẹbí tọmọtọmọ, nínú òjò oṣù keje.

Tinúọlá fẹ́ ka ìtàn náà fún ẹbí níjọ́ tí Bàbá bá pé àádọ́rùn-ún ọdún, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Asher, ọkùnrin kan tó máa ń tú ìwé àtijọ́ ní Georgia l'Amẹ́ríkà, tí Tinúọlá bẹ̀ pé kó bá òun wá a, ní kí ìdílé méjèèjì kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Priscilla fọwọ́ sí i láìjanpata.

Èsì dé láàárọ̀ Sátidé. Kò sí ọmọ ìjòyè níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ogún àgbẹ̀ Ṣẹrokí kan ni: ẹṣin mẹ́fà, Hannah ọmọ ọdún méjìlá, ìkòkò irin mẹ́ta. Ìwé kejì ni orúkọ àwọn èrò inú ọkọ̀ tó gbé bàbá ńlá wálé. Obìnrin kan ṣoṣo ló bá a wọkọ̀: Hannah.

Ẹni tí Ṣẹrokí fi ṣẹrú ni wọ́n sọ di ọmọ Ṣẹrokí. Òun náà ló sì bí ìdílé méjèèjì.

"Dádì, obìnrin kan ṣoṣo ni."

Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀. Tinúọlá ń retí kí wọ́n ní irọ́ ni.

"Ta ló tún rí i?"

"Ẹ ti mọ̀?"

"Ìyá mi sọ ọ́ kí wọ́n tó kú, ní '68. Ya á, Tinú. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ya á."

"Asher ti fi ránṣẹ́ sí Aunty Priscilla náà."

Bàbá wo ilẹ̀kùn. "Lọ tì í."

Ó ti pẹ́. Bọ́ọ̀sì 171 láti Catford kì í falẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Aago ilẹ̀kùn dún, ohùn Priscilla sì gba ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn wọlé.

"Uncle! Ẹrú yín dé o! Àbí kí n gba ẹ̀yìn wọlé? Àjà kẹta lẹ wà, n ò mọ fífò o!" Ó bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan.

"Ní mo ń sùn," Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Tinúọlá dìde, ó dúró. Bí òun bá dákẹ́, òun náà ti bá wọn kọ lẹ́tà yẹn nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn.

Priscilla ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àpótí ẹrù ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kalẹ̀ níwájú Bàbá, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Wọ́n ní ọmọ ìyá kì í lé ọmọ ìyá síta. Àbí mo ṣì í gbọ́?"

Priscilla dìde.

"Yàrá wo ni tèmi?"

Kò dúró gbésì. Ó fa àpótí kọjá lára Tinúọlá, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń han lórí pákó, ó sì forí lé yàrá Bàbá.