Abẹ́rẹ́ Inú Píjò Bàbá Mi

Ó tún ti gòkè sí i. Rárá… ojú mi ni. Kì í ṣe ojú mi, ó ti gòkè! Nígbà tí mo kúrò ní Ìkòròdú, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Kí n tó dé oríta Àgbówà, ó ti dé àárín. Mo wá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbí, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì náà sì ń rọra yọ́ kọjá àárín bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Abẹ́rẹ́ tí kò kúrò nílẹ̀ rí! Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá mi: "Píjò tèmi kì í gbóná. Ẹ wà á lọ sí Kánò, ẹ wà á bọ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò ní mì."

Kí n pa á? Kí n pa á ni?

Hàbíbàt, fara balẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́… Ẹ̀sọ̀ wo? Ṣé ẹ̀sọ̀ ni mo fi ń tú ẹ́ńjìnnì lánàá, nígbà tí mo mọ̀ pé òní ni mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́? Godwin ríwáyà, tó ṣe gbogbo wáyà inú mọ́tò yìí, kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mọ́tò tó ń ṣe dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nobody dey open engine when journey don reach." Mo ní mo ti gbọ́. Àmọ́ ọ̀sán àná gan-an ni tamósítáàtì tí mo ti ń wá láti ìgbà ọyẹ́ dé láti ọjà Ládípọ̀. Inú páálí kékeré ló wà, ó ń dán bí yẹtí ìyàwó. Mi ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ tí mo ti mú sípánà.

Nǹkan kékeré báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó há omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí ara ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa, kó tó wá ṣí ọ̀nà fún omi náà láti lọ tutù nínú rẹdíétọ̀. Ihò lásán ni mo bá níbi tó yẹ kó wà. Àwọn mẹkáníìkì Bàbá ti yọ ọ́ dànù, bóyá kí wọ́n tó bí mi, bí wọ́n ṣe máa ń yọ ti gbogbo ènìyàn. "Ìlú òyìnbó ló wà fún, ibẹ̀ ló tutù. Níbí, wàhálà lásán ni." Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Èmi ni mo mọ̀ jù. Èmi ni mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Mo dè é mọ́bẹ̀ lánàá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì ni òjò lé mi wọlé, mi ò rí i kó gbóná. Òní ni mo kọ́kọ́ ń rí i.

Tí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì bá lọ jóná níbí ńkọ́? Tí wọ́n bá tún fà mí…

Rárá o. Kí wọ́n má fà mí mọ́. Iléyá tó kọjá, okùn ni wọ́n fi fà mí wọ Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ tó kó àgbò ló sì fà mí! Àwọn àgbò ń wò mí láti ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi náà ń wò wọ́n. Bàbá jókòó síwájú ilé, kò pariwo. Ó wò mí títí, ó ní: "Hàbíbàt, ṣé mọ́tò lo fẹ́ fẹ́ ni? Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débí, mo ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹ. Tí wọ́n bá tún fà á, àwọn oní-kòǹdẹ́mù ló máa wá gé e gbé lọ. Mi ò ní gbọ́ àròyé." Bàbá kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tó bá ti kírun Jímọ̀ tán lónìí, iwájú ilé yẹn náà ló máa jókòó sí.

Mọ́tò tí adìyẹ ń yé sí lórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tí mo bá a! Koríko ti gba inú ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ yọ jáde. Ta ló rán àwọn ìjókòó yìí? Èmi ni. Ta ló pààrọ̀ bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì fọ gíláàsì iná iwájú títí tó fi ń ràn kedere báyìí? Èmi náà ni. Àti lónìí, lẹ́yìn Ìmọ́tà, nígbà tí mo bá tírélà ìrẹsì kan lọ́nà… mo tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà! Píjò gbà, ó fò jáde, mo ré tírélà kọjá! Mo pariwo. Èmi nìkan nínú mọ́tò, mo pariwo bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹnu mi kò tíì padé tí mo fi wo abẹ́rẹ́.

Ó tún sún.

Mo ti sọ̀kalẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èéfín, kò sí òórùn. Họ́ọ̀sì òkè gbóná, tìsàlẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn ni pé ọ̀nà omi ti ṣí. Ọlọ́kadà kan ló rí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí tó dúró: "Àǹtí, ó ti gbóná nìyẹn! Ẹ ṣí rẹdíétọ̀, ẹ bu omi sí i kíá!" Kí n ṣí i kí omi gbígbóná tú yàà sí mi lójú? Mo ní ẹ ṣé, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí mo fọwọ́ kàn ló dára. Fáànù nìkan ni kò yí… fáànù oníná tí èmi àti Godwin fi rọ́pò ti àtijọ́. Ó ní kò sí pé à ń tẹ nǹkan kan, tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó, á dá yí fúnra rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti dè é. Mo tiẹ̀ bá a jà pé kò ṣiṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín: "Ó ń ṣiṣẹ́, Àǹtí. Engine yín ló tutù jù, kò pè é."

Kò pè é. Ó dáa. Ṣé kò tíì pè é báyìí ni?

Sípánà wà nínú bọ́ọ̀tù. Tí mo bá pa á, tó bá tutù díẹ̀, mo lè yọ tamósítáàtì níbí, kí n dá ihò yẹn padà bó ṣe wà. Abẹ́rẹ́ á sùn. Bàbá á wọ inú mọ́tò jókòó, ibi àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ máa lọ, mo mọ̀ ọ́n, abẹ́rẹ́ ni. Tó bá bá a nílẹ̀, á rẹ́rìn-ín, mọ́tò á di tèmi. Tó bá wá bá a láàárín… "Hàbíbàt! O ti ba mọ́tò mi jẹ́!" Kí n ṣáà yọ ọ́. Ta ló máa mọ̀? Ọwọ́ mi ti wà lára kọ́kọ́rọ́…

Kí ló dé tí ìyá ọmọ yẹn fi ń wá sí mi lọ́kàn? Sọ̀fíyàt, tó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ọsibítù wa ní ọjọ́ Mọ́ńdè. "Nọ́ọ̀sì, ara ẹ̀ gbóná, ẹ fún un lóògùn." Mo ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ lábẹ́ abíyá, mo wò ó, mo ní, "Màmá, kò gbóná. Bó ṣe yẹ kí ara ọmọ rí nìyí. Èyí tí ara ẹ̀ bá tutù ni kẹ́ ẹ máa sáré gbé wá."

Èyí tí ara ẹ̀ bá tutù…

Wùùùùù…

Kí nìyẹn? Tírélà? Rárá, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Ó ń yí… fáànù mi ń yí! Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan! Godwin, o ṣé o! Abẹ́rẹ́ dúró. Ó ń bọ̀ nílẹ̀… ó ń bọ̀… ó dé àárín, ó jókòó síbẹ̀. Fáànù sì pa ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kùn, jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ tún dùn ju ti àárọ̀ lọ.

Kò bàjẹ́. Ara rẹ̀ yá ni! Gbogbo ọdún tí Bàbá fi ń yangàn yẹn, òtútù ló ń mú mọ́tò, kò mọ̀. Èmi tí mò ń wọn ara ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, èmi náà kò mọ̀. Mo tú Píjò yìí láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀, àfi ojú tí mo fi ń wò ó. Ojú Bàbá ni. Òun ni mo fi ń wo abẹ́rẹ́ láti àárọ̀.

Mi ò ní yọ nǹkan kan. Kó jókòó, kó rí abẹ́rẹ́ láàárín, kó pariwo tó bá fẹ́. Màá ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀kalẹ̀, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ fáànù.

Mi ò tíì tú bíréèkì ọwọ́. Àyà mi ń lù kì-kì-kì, bó ṣe ń lù láti ìgbà tí mo ré tírélà yẹn kọjá… èmi náà ni mo ń pè é ní ẹ̀rù. Ẹ̀rù kọ́. Inú mi ló ń dùn.