Síìpù Ẹ̀yìn Ẹranko Fóòmù

Bàbá Ṣadé, ẹ dúró kí n rọ́ àlá mi fún yín kí ẹ tó lọ wẹ̀. Fíìmù àtijọ́ tí ẹ fi há mi mọ́ pálọ̀ lánàá, èyí tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ fi bínú, inú rẹ̀ ni mo bá ara mi. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó já bọ́ láti ojú òfurufú, ìdérí ìkòkò méjì ni, mo tiẹ̀ rí ọbẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọ̀kan lára. Ẹranko tó jáde níbẹ̀, fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi rán an, agolo tòmátò sì ni ojú rẹ̀ méjèèjì.

Síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ bá mi fọwọ́ di ibí yìí mú, wọn ò gbọdọ̀ rí ṣòkòtò mi."

Mo bá dì í mú. A la ògiri kọjá bọ́ sí ilé ìwé tí mo lọ ní kékeré, àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ti hu ewú. Mo ń fi í ṣẹlẹ́yà lọ, mo ní ẹranko òfurufú wo ló ń wọ sálúbàtà. Ó kàn rọra yí ojú agolo yẹn sí mi, ni mo bá figbe ta, mo ké títí ohùn mi fi há. Èmi tí mo di síìpù rẹ̀ mú o, tí mo mọ̀ pé fóòmù ni.

Bí mo ṣe ta jí, ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì yín ni mo dì mú gírígírí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí mi, kí n wò ó bóyá síìpù wà níbẹ̀.