Iṣẹ́ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Màmá Títíladé

Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ ẹyin ṣíṣà ní oko adìyẹ kan nítòsí Ìyànà Ọ̀fà nìkan ló ń mú Màmá Títíladé dìde láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé kéréètì ẹyin báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?"

Olùwádìí kan tó wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ àgbà bi Màmá léèrè níwájú ọ̀gá oko náà: "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, mà?"

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. "Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni."

Ọ̀gá ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí iṣẹ́ tó ń ṣe, kó kúkú máa sinmi nílé.

"Màmá, ẹ kú oríire o!" làwọn ọ̀dọ́ ń pariwo. Ó tún na ọwọ́ sí kéréètì ẹyin kan; wọ́n sáré gbà á.